Àwọn Tábìlì Tó Ń Yin Eneida

Kí àìsàn tó dé sí ọ̀fun Eneida Companioni, kò sí ẹ̀rọ kankan tí ohùn rẹ̀ ń bẹ̀ lọ́wẹ̀. Bí ó bá jókòó lórí pèpéle nínú gbọ̀ngàn àwọn aká-sìgá ní ìlú Cabaiguán, lórí erékùṣù tí Havana jẹ́ olú ìlú rẹ̀, tí ó ṣí ìwé, tí ó sì la ẹnu, ohùn náà á kọjá lórí gbogbo tábìlì, á wọ yàrá ẹ̀yìn níbi tí àwọn obìnrin ti ń fa eegun ewé tábà yọ, á sì bá àwọn tó tò fún búrẹ́dì lójú pópó. Wọ́n máa ń sọ pé ajá inú ọgbà ilé iṣẹ́ náà mọ ìparí ìtàn ju ọ̀gá lọ.

Òǹkàwé ni Eneida. Ẹni tó ń ká sìgá, ọwọ́ ló fi ń ṣiṣẹ́, etí rẹ̀ ṣófo. Ìdí nìyí tí àwọn aká-sìgá fi máa ń yan ẹnì kan tí yóò máa kàwé fún wọn, ìwé ìròyìn ní òwúrọ̀, ìtàn gígùn ní ọ̀sán. Àwọn fúnra wọn ló ń yàn án, àwọn náà ló sì lè yọ ọ́. Bí kíkà bá dùn mọ́ wọn, wọn á gbé ọ̀bẹ pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń gé ewé, èyí tí wọ́n ń pè ní ṣabẹ́tà, wọn á máa fi kan pákó tábìlì, kàn-kàn-kàn, títí gbọ̀ngàn á fi mì. Bí kò bá dùn, wọn á ju ọ̀bẹ náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò sí òǹkàwé tí kì í lá àlá ìró méjèèjì.

Ọmọge ni Eneida nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ tì í gorí pèpéle náà. Òun náà ń ká sìgá bíi ti àwọn yòókù. Òǹkàwé ìgbà náà kò wá lọ́jọ́ kan, wọ́n ní kí ó kàn bá àwọn dí àlàfo. Librado Pentón, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé gẹ́gẹ́ bí oníṣẹ́ iná ilé iṣẹ́ náà, wà lórí àkàbà, ó ń pààrọ̀ gílóòbù. Nígbà tí Eneida kà dé ìsàlẹ̀ ojú ìwé, tí gbogbo ṣabẹ́tà bú sí pákó lẹ́ẹ̀kan náà, gílóòbù bọ́ lọ́wọ́ Librado, ó fọ́ yángáyángá. Wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, kò gbọ́. Ojú ọmọbìnrin náà ló ń wò, ojú ẹni tí ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ fi orúkọ rẹ̀ pè fún ìgbà àkọ́kọ́. Kí ọdún tó yí, ó ti fẹ́ ẹ.

Eneida kàwé títí irun rẹ̀ fi funfun. Lẹ́yìn náà ni nǹkan méjì dé pọ̀. Ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í há. Ó pè é ní òtútù, ó pè é ní eruku tábà. Dókítà pè é ní orúkọ mìíràn, ó ní kí ó sinmi ẹnu. Láàárín àkókò náà ni ọkọ̀ ojú omi àwọn ará Rọ́ṣíà tó ń kó epo àti oúnjẹ wá kò wá mọ́, tí gbogbo erékùṣù gbẹ. Ẹ̀wà ni wọ́n ń yan mọ́ kọfí kí ó lè tó. Iná ń lọ bí àlejò tí kò bá wa tan. Ohun tó bá bàjẹ́, ó bàjẹ́ nìyẹn. Sípíkà tó ti ń gbé ohùn Eneida ró láti ìgbà tó ti ń há jẹrà lára ògiri, bébà inú rẹ̀ ya bí ewé kókò, kò sì sí òmíràn ní ìlú náà, kò sí ní Santa Clara, kò sí ní Havana pàápàá.

Lọ́jọ́ tí sípíkà náà kú pátápátá, àwọn tó wà ní ìlà iwájú nìkan ló gbọ́ ìròyìn. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń bi ara wọn pé kí ló wí. Gumersindo, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Chindo, ni aṣojú àwọn òṣìṣẹ́ nínú gbọ̀ngàn náà. Kò lè pa ẹnu mọ́.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níwájú, tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ ọ tán, ẹ fún àwa náà ní àṣẹ́kù o!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Eneida náà rẹ́rìn-ín.

"Chindo, tó o bá fẹ́ gbọ́, gbé tábìlì ẹ wá síbí."

"Ìyá, tí mo bá gbé tábìlì, ta ló máa gbé èmi? Ẹ̀wà inú kọfí nìkan ló wà níkùn mi."

Nígbà tí wọ́n délé, Eneida jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó bọ́ bàtà, ó sì sọ ohun tó ti ń rò bọ̀ fún ọkọ rẹ̀.

"Mi ò ní jẹ́ kí wọ́n yọ mí. Èmi fúnra mi ni màá gbé ìwé lé Maylén lọ́wọ́."

Maylén ni ọmọbìnrin kan tó ti ń ṣe tíṣà tẹ́lẹ̀, tí ebi lé wá sí yàrá ẹ̀yìn láti máa fa eegun ewé.

"Ohùn ọmọ yẹn dà bí agogo," Eneida ní. "Màá ka ìtàn tó wà lọ́wọ́ yìí dé ìparí, màá pa ìwé dé, màá kí wọn pé ó dàbọ̀. Wọ́n á kàn án fún mi lẹ́ẹ̀kan, kí n mú un lọlé. Ìyẹn tó mi."

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Arúgbó mi, ẹni tó bá mọ ìgbà tó yẹ kóun dìde nídìí ayò, wọn kì í lé e. Kìkì pé mo fẹ́ kí àwọn tó wà lẹ́yìn náà gbọ́ ìparí ìtàn."

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yìí ni Librado gbé sùn. Ó mọ ohun kan tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ iná erékùṣù náà mọ̀ láti inú àìní. Nígbà kan tí ó ń tún rédíò aládùúgbò ṣe, wáyà tó yẹ kí ó lọ sí sípíkà ló fara kan mọ́tò, ẹ̀rọ kékeré tó ń yí abẹ̀bẹ̀ iná tó wà lórí tábìlì rẹ̀. Mọ́tò náà kọrin. Irin òòfà àti wáyà wíwé ló wà nínú sípíkà. Àwọn náà ló wà nínú mọ́tò. Bí iná tó ń lọ tààrà bá wọ̀ ọ́, á yí. Ṣùgbọ́n ohùn èèyàn kì í lọ tààrà, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Mọ́tò tí ohùn bá wọ̀ kì í mọ ibi tí yóò yí sí, á kàn máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Bí ó bá dá wà, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ. Bí èèyàn bá dè é mọ́ pákó gidi, pákó á gba ìgbọ̀n náà, á sì di ọ̀rọ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa mọ́tò jọ. Ó tú èyí tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ nínú òkú ọkọ̀ Lada kan tó ti ń hu koríko lẹ́bàá ọ̀nà, ó bẹ àwọn aládùúgbò fún ti inú ẹ̀rọ tí kò ní iṣẹ́ mọ́. Èyí tó kẹ́yìn, inú abẹ̀bẹ̀ iná yàrá àwọn fúnra wọn ló ti yọ ọ́. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń sùn nínú ooru, tí Eneida ń fi páálí fẹ́ àwọn méjèèjì.

"Ìwọ ọkùnrin yìí," ó ní, "o yọ afẹ́fẹ́ mi kó o lè fún mi lóhùn."

"Èwo lo fẹ́ nínú méjèèjì?"

"Jẹ́ kí n ráyè sùn."

Ó fi bóòtù de mọ́tò sábẹ́ tábìlì lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, ó fa wáyà gbogbo wọn dé àpótí ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Nígbà tí ó fọn súfèé sínú máìkì láti dán an wò, súfèé náà jáde láti abẹ́ ọwọ́ àwọn èèyàn. Chindo fò sókè.

"Ẹ gbà mí o! Tábìlì mi ń súfèé sí mi! Ẹ bá mi bi í bóyá ó lè bá mi ká sìgá díẹ̀."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Eneida fa máìkì mọ́ra, ó ṣí ìtàn. Ohùn rẹ̀ jáde láti inú pákó, ó nípọn, bí ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú àmù, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò gbọ́ ọ. Àwọn tó wà lẹ́yìn gbórí sókè. Ìtàn náà ti dé ibi tí obìnrin inú rẹ̀ ti rí bàtà ọkọ rẹ̀ létí odò, tí kò rí ọkọ. Eneida rẹ ohùn sílẹ̀, bí ó ṣe máa ń ṣe níbi tí ìbànújẹ́ bá wà. Bí ohùn náà ti wálẹ̀ tí ó sì ki ni ìgbọ̀n pákó pọ̀ sí i, ni àwọn ṣabẹ́tà tí wọ́n tẹ́ sórí tábìlì bá bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Kàn-kàn-kàn-kàn, láti ìlà iwájú dé ti ẹ̀yìn.

Eneida dákẹ́, ó gbójú sókè. Ìró náà dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, bí ìyìn àwọn tó mọ̀wà ṣe máa ń dákẹ́ kí òǹkàwé lè máa bá a lọ. Gíláàsì ojú rẹ̀, ti ìwé ni. Ohun tó bá jìnnà ju ìwé lọ, kùrukùru ni. Kò rí i pé ọwọ́ gbogbo èèyàn wà nínú ewé.

"Ẹ ṣé," ó ní, omi sì ti lé sí i lójú. "Ẹ ṣé o, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti ń rò pé ẹ ti gbàgbé mi."

Bí ó ti ń dúpẹ́ ni àwọn ṣabẹ́tà tún ń kàn.

Chindo ti la ẹnu. Obdulia, ọ̀rẹ́ Eneida láti ìgbà tí àwọn méjèèjì jọ kọ́ iṣẹ́ sìgá, fi ẹsẹ̀ gbá a lábẹ́ tábìlì. Gbogbo wọn tẹjú mọ́ ewé. Librado dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí ẹ̀rọ, ó rí gbogbo rẹ̀.

Nílé, Eneida ń kọrin nídìí ààrò. Ohùn tí dókítà ní kí ó sinmi ló ń ná bẹ́ẹ̀.

"Librado, ṣé o gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́."

"Láàárín ìtàn! Wọn ò lè mú un mọ́ra dé ìparí. Mo ti rò pé màá kú kí n tó tún gbọ́ ọ." Ó fi ṣíbí ro omi ṣúgà, kò sì mọ̀ pé òun ti ń rò ó jù. "Kí wá ni mo fẹ́ torí ẹ̀ lọ? Maylén ṣì kéré. Ó lè dúró."

Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí Librado sọ kò gùn. Kò tó àdúrà oúnjẹ. Ó wo ojú ìyàwó rẹ̀, ojú ọmọbìnrin tó mú kí gílóòbù já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

"Ó dára bẹ́ẹ̀," ó ní.

Kò pẹ́ tí Obdulia fi ká Librado mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé iṣẹ́.

"Ìwọ lo so nǹkan yìí, ìwọ ni kó o tú u. Sọ fún un."

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́?"

"Fi ẹnu ẹ sọ ọ́! Àbí mọ́tò ló máa bá ẹ sọ ìyẹn náà?"

"Inú ẹ̀ ń dùn, Obdulia. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí i bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn."

"Inú adìyẹ náà máa ń dùn tí wọ́n bá ń da àgbàdo síwájú ẹ̀. Maylén ni àwọn ọmọ inú gbọ̀ngàn fẹ́. Ọ̀wọ̀ tí wọ́n ní fún ìyàwó ẹ ni wọ́n fi ń dúró pé kó dìde fúnra ẹ̀. Tí kò bá dìde, wọ́n á dìbò. O fẹ́ kí wọ́n dìbò yọ ọ́ níṣojú ẹ?"

Kò fẹ́. Ṣùgbọ́n dípò kí ó sọ̀rọ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ló sá lọ bá. Ó gé rọ́bà inú táyà wẹ́wẹ́, ó fi sáàárín mọ́tò àti pákó. Ohùn ṣì ń jáde, ó kàn rọ̀. Àwọn ṣabẹ́tà sì sùn jẹ́ẹ́. Ó rò pé ìró náà á tán díẹ̀díẹ̀, pé Eneida á gbàgbé rẹ̀, á sì padà sí ìpinnu rẹ̀ àtijọ́.

Eneida kò jẹun ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

"Kí ni mo ṣe fún wọn?" ó béèrè.

"O ò ṣe nǹkan kan."

"Ibi tó dùn jù ni mo kà lónìí. Wọn ò kàn án."

Ó kọjú sí ògiri. Librado di páálí mú, ó ń fẹ́ ẹ, ó sì ń wo èjìká rẹ̀ bí ó ṣe ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ láìdún.

Ní òwúrọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó dé, ó wọ abẹ́ àwọn tábìlì pẹ̀lú sípánà. Ó yọ rọ́bà kúrò, ó sì fún bóòtù le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Títí di òwúrọ̀ náà, àṣìṣe ni ìró náà. Láti òwúrọ̀ náà lọ, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Ó máa ń dúró nídìí àpótí, á máa fetí sí ìtàn, bí Eneida bá sì ń bọ̀ wá sí ibi tí ohùn yóò ti wálẹ̀, á rọra yí bọ́tìnì sókè. Òun nìkan ló ń yin ìyàwó rẹ̀ nínú gbogbo gbọ̀ngàn náà, ó ń fi ọ̀bẹ gbogbo wọn yìn ín.

Ìtàn parí. Eneida pa ìwé dé. Kò kí ẹnikẹ́ni pé ó dàbọ̀. Ìwé mìíràn ló ṣí.

Chindo lọ bá a nídìí pèpéle, ó ká fìlà rẹ̀ mọ́wọ́.

"Ìyá, àwọn èèyàn ń sọ pé ó tó àkókò tó yẹ ká dìbò. Maylén fẹ́ gbìyànjú."

"Ẹ dìbò," Eneida ní, ó sì rẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kàn án fún mi lójoojúmọ́ yìí ni kí n máa bẹ̀rù ìbò yín?"

Chindo tú fìlà tó ká mọ́wọ́. Ó dé e, ó lọ.

Bí wọ́n ṣe ń dìbò nínú gbọ̀ngàn náà kò le. Ẹni méjèèjì á kàwé. Aṣojú á dárúkọ wọn. Ẹni tí ṣabẹ́tà bá kàn fún jù ló ni àga. Maylén ló kọ́kọ́ kà. Kò lo máìkì. Ohùn rẹ̀ lọ dé yàrá ẹ̀yìn, ó sì padà wá. Eneida fúnra rẹ̀ mi orí sí i, bí olùkọ́ tí ọmọ rẹ̀ ṣe dáadáa. Lẹ́yìn náà ni òun náà kà láti inú àwọn tábìlì, ọ̀bẹ sì ń jó lábẹ́ gbogbo gbólóhùn rẹ̀ tó wálẹ̀.

Chindo dìde. Ojú ilẹ̀ ló ń wò.

"Ẹni tó bá fẹ́ kí Eneida máa bá a lọ, kó kàn án."

Obdulia kàn án, ó kàn án kíkankíkan. Àwọn àgbà díẹ̀ tẹ̀ lé e. Ó dà bí òjò tó kàn kan òrùlé, tí kò rọ̀. Lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ dákẹ́.

Eneida ń dúró. Ó rò pé wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀ ni. Nídìí àpótí ẹ̀rọ, ọwọ́ Librado wà lórí bọ́tìnì, kò lè yí i sókè, kò lè pa á. Eneida tẹ̀ sí máìkì.

"Ẹ kàn án dáadáa, ẹ̀yin ọmọ mi, bẹ́ ẹ ṣe máa ń kàn án."

Kàn-kàn-kàn-kàn, gbogbo gbọ̀ngàn. Ó sọ̀rọ̀ tán. Ìró náà tán.

Iwájú orí rẹ̀ sún kì.

"Ẹ̀yin ọmọ mi," ó tún ní.

Kàn-kàn. Ó dákẹ́, ìró náà dákẹ́.

Ó dìde lórí àga, ó mú máìkì dání, wáyà rẹ̀ ń wọ́ tẹ̀ lé e, ó sì sọ̀ kalẹ̀ wá sí tábìlì Chindo. Ó bẹ̀rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi súnmọ́ pákó, bí ẹni tó fẹ́ ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ṣabẹ́tà wà níbẹ̀, kò sí ọwọ́ lára rẹ̀.

"Eneida," ó wí sínú máìkì, jẹ́jẹ́.

Ọ̀bẹ náà ta pọ́n.

Ó gbé ìka kan lé e. "Eneida," ó tún wí, ó sì ń gbọ́ bí ọ̀bẹ ti ń gbọ̀n lábẹ́ ìka rẹ̀.

"Ọ̀rẹ́ mi," Obdulia ní, ó ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Fi í sílẹ̀. Jẹ́ ká máa lọ."

Eneida gbé máìkì kalẹ̀, ó rọra gbé e kí ó má baà dún. Ó mú ìwé lọ bá Maylén, ó fi àtàǹpàkò mú ojú ewé dání títí ọmọbìnrin náà fi gbà á.

"Ibi tí mo dé nìyí," ó ní. Láìsí máìkì, ohùn rẹ̀ kò ju èémí lọ. "Rọra kà á níbi tí ìyá inú ìtàn yẹn bá ti ń sọ̀rọ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn kì í fẹ́ kí wọ́n sáré níbẹ̀."

Ó yíjú sí ilẹ̀kùn. Ìgbà náà ni ẹnì kan ní ìlà ẹ̀yìn mú ṣabẹ́tà rẹ̀, tó fi kan pákó. Ẹlòmíràn kàn án. Chindo kàn án, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn dìde dúró, wọ́n ń kàn án, wọ́n ń kàn án, eruku tábà ń bọ́ láti orí àjà, àwọn obìnrin yàrá ẹ̀yìn ń fi ọwọ́ lásán gbá ògiri. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ilé iṣẹ́ náà, bóyá ni wọ́n kàn án bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí.

Eneida dúró láàárín ìró náà. Kò wo àwọn èèyàn. Àpótí ẹ̀rọ ló ń wò, ó ń fojú wá ọwọ́ ọkọ rẹ̀.

Librado gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Ó nà wọ́n síwájú rẹ̀, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ kí ìyàwó rẹ̀ lè rí i pé kò sí nǹkan kan nínú wọn, pé kì í ṣe òun. Ó jìnnà sí i, gíláàsì ìwé sì wà lójú Eneida. Obìnrin náà wò ó díẹ̀ sí i, ó sì jáde.

Kò bá a jà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló béèrè nígbà tí wọ́n délé, ó ní, "Láti ìgbà wo?" Librado ní, "Láti ọjọ́ àkọ́kọ́." Ó mi orí, ó lọ gbé omi kaná. Librado tú àwọn mọ́tò náà kúrò lábẹ́ àwọn tábìlì, ó sì dá abẹ̀bẹ̀ yàrá wọn padà sí àyè rẹ̀. Wọ́n tún ń sùn nínú afẹ́fẹ́.

Eneida gbé ọdún díẹ̀ sí i láyé, ó ń ṣe ilé, ó ń kí èèyàn. Inú rere rẹ̀ kò yí padà. Kìkì pé bí Librado bá ní ọbẹ̀ dùn, á gbójú sókè, á bi í pé, "Ṣé òótọ́ ni?" Bí ó bá ní òótọ́ ni, á bù díẹ̀ sínú àwo, á gbé e lọ sọ́dọ̀ Obdulia kí ó tọ́ ọ wò. Bí ó bá ní aṣọ yìí yẹ ẹ́, á lọ dúró síwájú dígí. Nígbà tí ọ̀fun rẹ̀ dí pátápátá, tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, Librado máa ń jókòó tì í lẹ́bàá ibùsùn, á sọ fún un pé láyé òun, òun kò tíì gbọ́ ohùn tó dùn tó tirẹ̀. Òótọ́ tó jinlẹ̀ jù lọ tí ó mọ̀ nìyẹn. Eneida á fọwọ́ pa á lórí, á sì rẹ́rìn-ín sí i, bí èèyàn ṣe ń rẹ́rìn-ín sí ọmọdé tó fẹ́ràn ẹni dé ibi pé ó ń parọ́ fún un.